Sóyà TGX 1448-2E ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tí ẹ lè kà lára ẹ̀ kó tó gbẹ

Oṣù Kẹjọ kọ́ ni wọ́n ń dá irúgbìn sóyà lẹ́jọ́. Lóṣù Kẹjọ, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa ló máa ń tutù yọ̀yọ̀, ewé á bo ilẹ̀, ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á sì máa kí olóko kú oríire. Ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tán ná, kí èèpo tí hóró wà nínú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí òjò máa palẹ̀ mọ́. Láti bí àárín oṣù Kẹsàn-án dé ìparí oṣù Kẹwàá ni irúgbìn máa ń fi ara ẹ̀ hàn, ìgbà yẹn náà la sì fi gbé TGX 1448-2E yẹ̀ wò, irúgbìn tó lórúkọ jù lẹ́nu àwọn tó ń gbin sóyà ní ìhà ibí.

Ìdájọ́ wa kò gùn. Irúgbìn tó ṣeé fọkàn tán ni fún ẹni tó bá gbìn ín láàárín ìparí oṣù Kẹfà sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, tí kò sì ní fi ìkórè falẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbìn, tàbí tí oko ẹ̀ wà ní àbàtà tí ìrì kì í tètè gbẹ lórí ewé, kó wá òmíràn lọ.

IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, ló bí i. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ àgbẹ̀, ohun méjì ló sì gbé orúkọ ẹ̀ ga. Èkíní, èèpo ẹ̀ kì í tètè bẹ́. Èkejì, ó máa ń bá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti wà nínú ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ da òwò pọ̀, kí gbòǹgbò ẹ̀ lè yọ kókó tó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Kì í ṣe dandan kí ẹ ra kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn, bíi NoduMax, kó tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣèrànwọ́ lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbin sóyà sí rí. Sóyà ti dé Moor Plantation, oko ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn, láti ọdún 1908 o, kò kàn rọ́wọ́ mú nígbà náà ni. Malayan ni irúgbìn tó gbòde kí àwọn TGX (orúkọ tí IITA ń pe àwọn sóyà ẹ̀) tó dé, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó gbó, ilẹ̀ ló ń kórè ẹ̀.

Ọjọ́ 105 sí 115 ni 1448-2E máa ń lò kó tó gbó. Ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ òjò Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá gbìn ín lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹwàá ló máa gbó, nígbà tí òjò ti ń dín kù ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin ṣì wà nílẹ̀ fún hóró láti fi yó. Èyí tí wọ́n gbìn lóṣù Karùn-ún máa gbó sínú òjò oṣù Kẹsàn-án, hóró á bu nínú èèpo, òmíràn á tilẹ̀ hù lórí igi. Èyí tí wọ́n gbìn ní ìparí oṣù Keje ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ dun èèyàn jù, torí á ga, á tanná, á so, ìgbà tó yẹ kí hóró wú gan-an ni òjò máa dá. Ẹ̀ ń wo èèpo tó pọ̀ lórí igi, hóró inú ẹ̀ dà bíi ti àtàrí abẹ́rẹ́.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun nínú oko, ẹ kọ́kọ́ mọ ipò tó wà. Àwọn onímọ̀ máa ń fi R1 dé R8 pe ipò sóyà láti ìgbà tó bá ti tanná, mẹ́rin tó kẹ́yìn ló kàn wá níbí. Ẹ mú igi gbọọrọ tó wà láàárín, kì í ṣe ẹ̀ka, kí ẹ wo oríkèé mẹ́rin tó wà lókè pátápátá tí ewé wọn ti là tán. Bí ẹ bá la èèpo kan níbẹ̀, tí hóró inú ẹ̀ tó mìlímítà 3, R5 nìyẹn. Bí hóró tútù bá ti kún inú èèpo náà dé ògiri, R6 ni. Bí ẹyọ èèpo kan ṣoṣo, níbikíbi lórí igi yẹn, bá ti yí padà sí àwọ̀ tó máa gbẹ sí, R7 ti dé. Tí èèpo márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bá ti yí padà, R8 ni. Ẹ wo igi mẹ́wàá níbi márùn-ún, ipò tí ó lé ní ìdajì wọn bá wà ni ipò oko náà. Igi kan tó yára ju àwọn yòókù lọ kò sọ nǹkan kan.

Ìdí tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí ipò ni pé iye tí ẹ bá kà kí R5 tó jinlẹ̀ máa tàn yín jẹ. Sóyà máa ń gbọn òdòdó àti èèpo kéékèèké dànù, ó lè lé ní ìdajì gbogbo òdòdó tó yọ. Kì í ṣe àrùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àgbẹ̀ á rí òdòdó nílẹ̀, á sáré lọ ra oògùn. Ẹ fi owó yẹn pamọ́. Láti R6 lọ, èèpo tó bá wà lórí igi fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́, ìwọ̀n hóró nìkan ló ṣì lè yí padà. Ìgbà yẹn ni ká kà.

Bí wọ́n ṣe ń ka oko nìyí. Ẹ wá okùn tí ẹ ti wọ̀n. Bí àlàfo ìlà kan sí ìkejì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 33 lórí ìlà kan jẹ́ mítà kan níbùú-lóròó. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, mítà méjì ni. Ẹ ka gbogbo igi tó wà ní gígùn yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú igi mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn (ẹ má ṣà wọ́n o, ojú máa ń mú èyí tó lẹ́wà), kí ẹ ka èèpo tó ní hóró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ èèpo: èyí tó bá pẹlẹbẹ, tí ẹ kò bá bá kókó kankan nínú ẹ̀, ẹ má kà á. Ẹ la ogún èèpo láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ igi, kí ẹ mọ iye hóró tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì ló sábà máa ń wà nínú ti 1448-2E, ẹ ó rí mẹ́ta, ẹ ó sì rí ẹyọ kan náà. Ẹ ṣe èyí níbi márùn-ún ó kéré tán fún oko tí kò ju hẹ́kítà kan lọ, kí ẹ sì rìn wọ inú oko dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Etí oko tó kángun sí ọ̀nà kì í bá inú dọ́gba, torí oòrùn àti ìgbẹ́ ẹran wà níbẹ̀.

Ká ní igi 24 ló wà nínú mítà kan níbùú-lóròó, tí igi kọ̀ọ̀kan ní èèpo 30, tí hóró méjì wà nínú èèpo kan. Hóró 1,440 nìyẹn. Tí ọgọ́rùn-ún hóró bá wọn gíráàmù 12 nígbà tó bá gbẹ, ó di gíráàmù 173 nínú mítà kan níbùú-lóròó. Ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di kílò lórí hẹ́kítà: bíi 1,730. Éékà 2.47 ló wà nínú hẹ́kítà kan, nítorí náà bíi kílò 700 ló wà lórí éékà, àpò oníkílò 100 méje. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ohun tó máa já sílẹ̀ àti ohun tó máa fọ́. Èyí kò jìnnà sí ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ irúgbìn yìí, tọ́ọ̀nù 1.7 sí 2.3 lórí hẹ́kítà nígbà tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá wo ibi tí ìnira wà nínú ìṣirò yẹn. Bí hóró kò bá yó, tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀ wọn gíráàmù 10 dípò 12, àpò kan àti díẹ̀ ti lọ lórí éékà, bẹ́ẹ̀ èèpo kò dín kan lórí igi. Bí èèpo márùn-ún péré nínú ọgbọ̀n bá jẹ́ òfìfo, iye kan náà gẹ́lẹ́ ló lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ojú lásán wo oko láti orí ọ̀kadà tí ó ní àpò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ fi máa ń bá oníbàárà ẹ̀ jà lẹ́yìn ìkórè. Ìwọ̀n hóró kò ṣeé wọ̀n ní R6 torí omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ lo 12 fún ìdíwọ̀n, kí ẹ wá tún un ṣe nígbà tí ẹ bá ti lè gbé hóró gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n.

Ewé tó ń pọ́n ló máa ń dá rúgúdù sílẹ̀ jù. Pípọ́n tó tọ́ máa ń jẹ́ gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn R6, ewé á pọ́n, á já, èèpo á sì máa yí padà tẹ̀ lé e. Ẹ la èèpo kan: tí hóró bá ti bọ́ kúrò lára awọ funfun tó wà nínú èèpo, igi ti parí iṣẹ́ ẹ̀, òjò tàbí ọ̀dá kò tún lè fi nǹkan kún un mọ́. Pípọ́n tó dé ní R5, tó wà ní abala kan tí kò sí ní òmíràn, ìyẹn ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ fi ọkọ́ hú igi kan tìṣọ́ratìṣọ́ra, ẹ má fà á, torí kókó gbòǹgbò á ṣẹ́kù sínú ilẹ̀. Ẹ bẹ́ kókó náà sí méjì. Tí inú ẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ó bá funfun, kò ṣiṣẹ́ rí. Tí ó bá ti di aláwọ̀ ewé tàbí tó ń rà, ó ti ṣe tán, ìyẹn kò sì burú bí R6 bá ti kọjá. Oko tí kókó ẹ̀ kò tó nǹkan ní R5 ti pàdánù, ẹni tó bá sì ní kí ẹ da yúríà sí i lásìkò yẹn kàn fẹ́ ta yúríà ni. Ibi tó yẹ kí owó yẹn lọ ni SSP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, nígbà ìgbìn, bí àpò oníkílò 50 mẹ́ta àti díẹ̀ sí hẹ́kítà kan, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kókó gbòǹgbò ń jẹ.

Ìpẹtà, àrùn ewé kan tí olú ń fà, ni àléébù tó tóbi jù lára irúgbìn yìí. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn yìí ní Nàìjíríà, 1448-2E kò sì sí lára àwọn tí wọ́n yàn nítorí ẹ̀. Ìsàlẹ̀ igi ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ewé ti ṣíji bo ara wọn. Ẹ yí ewé padà: kókó kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Àrùn mìíràn kan tí bakitéríà ń fà máa ń jọ ọ́, ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ ewé, ìpẹtà á fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lára aṣọ, èkejì kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Tí ẹ bá rí i ní R3 tàbí R4, nígbà tí èèpo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, oògùn olú ṣì lè gba èso là. Ní R5 tí ewé ìsàlẹ̀ ti ń já, ẹ ṣírò owó oògùn mọ́ àpò tí ẹ máa rí kí ẹ tó fín in. Tí R6 bá ti kún, ẹ jẹ́ kó lọ, ohun tó lè bà jẹ́ kò pọ̀ mọ́.

Kòkòrò aláwọ̀ ewé tó máa ń rùn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀tá R5 sí R6. Ó máa ń ki ẹnu bọ èèpo, á fa omi inú hóró mu. Hóró á há, á ní àpá dúdú, tàbí kí èèpo kàn gbẹ láìní nǹkan nínú. Àmì ẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu lẹ́yìn náà ni pé igi kò ní gbẹ: èèpo ti dúdú, igi àti ewé ṣì tutù, torí hóró tó yẹ kó fa oúnjẹ láti ara ewé ti kú. Tí ẹ bá rí oko tó ṣì ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti aládùúgbò ti já ewé tán, ẹ má yọ̀, ẹ la èèpo. Ẹ wá kòkòrò yìí láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó gbóná tí wọ́n á wọ abẹ́ ewé lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ sáàárín ìlà méjì, ẹ gbọn igi sí i.

Ohun kan tún wà tí ìparí àkókò máa ń tú fó, òun ni irọ́ ẹni tó ta irúgbìn. Ní R7, ẹ wo irun ara èèpo. Irúgbìn tó mọ́, oríṣi irun kan ṣoṣo ló ní. Tí ẹ bá rí irun aláwọ̀ ilẹ̀ lórí igi kan, tí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ eérú, tàbí tí àwọn kan ti gbẹ tí àwọn kan ṣì wà ní R6 lórí ìlà kan náà, àpò yẹn lábùlà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà bíi 1448-2E jẹ́ ọkà jíjẹ tí wọ́n ṣà ní hóró tó dọ́gba. Ẹ wá èyí tó ní àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn, lára àpò, tí wọ́n lè yẹ nọ́ńbà ẹ̀ wò nínú SeedCodex, ètò tí àjọ náà fi ń dá irúgbìn gidi mọ̀. Síbẹ̀, àmì kò ní kí ẹ má dán an wò: hóró 100 nínú iyanrìn tútù, lọ́jọ́ keje tí èyí tó hù kò bá tó 85, ẹ dá a padà. Sóyà kì í pẹ́ kú nínú ilé gbígbóná, irúgbìn ọdún tó kọjá tó wà lábẹ́ páànù láti ìgbà Ọ̀gínnìtìn kò yẹ ní ìgbìn.

Níbi ìkórè ni 1448-2E ti ń gba máàkì jù. Ẹ lè dúró dìgbà tí èèpo bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti gbẹ, kí ẹ tó gé e, bẹ́ẹ̀ kò ní ti máa ta dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé kì í bẹ́ rárá ń tan ara ẹ̀ jẹ. Tí ọyẹ́ bá dé bá a lóko, òun náà á bẹ́. Àdá tàbí dòjé ni kí ẹ fi gé e ní ìdí, ẹ má fà á tu, torí erùpẹ̀ àti òkúta kéékèèké tó bá tẹ̀ lé gbòǹgbò ló máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀yọ́ gé owó. Ẹ gé e láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára èèpo. Ẹ kó o sórí tapólì, ẹ má sá a sójú títì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ síbi tí ẹ ti gé, kí ẹ ka hóró tó wà nílẹ̀ nínú mítà kan níbùú-lóròó: àádọ́ta hóró jẹ́ bíi kílò 60 lórí hẹ́kítà kan, kílò 24 lórí éékà.

Àwọn kan máa ń fín oògùn apako kí oko lè tètè gbẹ. Tí R7 kò bá tíì dé, ẹ̀ ń dá hóró dúró nídìí oúnjẹ ni, á fúyẹ́, inú ẹ̀ á sì tutù bí ewé, àwọn oníwàrà sóyà kò sì fẹ́ ẹ. Paraquat tí wọ́n ń lò fún un tẹ́lẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2024.

Ẹni tí òjò bá ti já kù, tí oṣù Keje ti ń lọ sópin, TGX 1835-10E ni kó gbìn. Ó tètè ń gbó, bí oṣù mẹ́ta, ó sì lè dúró níwájú ìpẹtà. Nítorí pé kì í tàn tó 1448-2E, ẹ mú àlàfo ìlà wá sí sẹ̀ǹtímítà 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó kàn ṣẹ́ko ni. TGX 1987-62F àti 1987-10F tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010 náà ní ààbò ìpẹtà, ẹni tí oko ẹ̀ wà létí odò ní ìhà Orí-Ire tàbí Ìlọràá, àwọn yẹn la máa ní kó kọ́kọ́ béèrè.

Fún 1448-2E fúnra ẹ̀, máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan lọ nítorí ìpẹtà, ọ̀kan lọ nítorí pé kò gba ìdádúró ìgbìn. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn nínú tiyín fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi páálí pupa sàmì sí abala tó dọ́gba jù ní R7, kí ẹ yọ gbogbo igi tí irun èèpo ẹ̀ yàtọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ẹ fi ọwọ́ rọra lù ú nínú àpò, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ fọ́ awọ ẹ̀, ẹ sá a títí tí yóò fi le débi pé eyín kò ní lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ wá rọ ọ́ sínú jálá tó dé pinpin, kúrò lábẹ́ páànù.